Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mi ò gun máṣíìnì rí, mo sì fẹ́ kọ́ ọ (Àkúrẹ́)

Tíṣà_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ó wọnú débi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kì í fẹ́ dé. Owó ọ̀kadà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́ jẹ owó oṣù mi tán. Mo ti ra Boxer 100 àlòkù kan. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí, ká má tíì wá sọ máṣíìnì. Àbúrò mi ń kọ́ mi ní pápá, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá tú kílọ́ọ̀ṣì (ọwọ́ òsì tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà) sílẹ̀, yálà kó kú tàbí kó fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n sọ lókùúta.

Ìbéèrè mi: ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ kọ́ kẹ̀kẹ́? Kí ni mò ń ṣì ṣe pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì yìí? Ṣé òótọ́ ni pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bíréèkì iwájú? Obìnrin ni mí, ẹni ọdún 41. Tí mo bá jókòó lé e, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń kanlẹ̀.

Ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ lọ kọ́ kẹ̀kẹ́ ná, Àǹtí. Ẹni tí kò lè dúró lórí kẹ̀kẹ́ ò lè dúró lórí máṣíìnì. Ẹ yá èyí tó kéré tí ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀ dáadáa, ẹ tú ibi tí à ń fẹsẹ̀ wà kúrò lára rẹ̀ ní apá méjèèjì, ẹ máa fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ lọ títí ẹ ó fi lè gbé méjèèjì sókè. Ọ̀sẹ̀ kan, ó tán.

Àgbẹ̀_Ìdànrè

Kò pọn dandan. Tí kẹ̀kẹ́ bá wà nílé, ẹ lò ó. Tí kò bá sí, máṣíìnì yẹn náà lẹ lè fi kọ́ ìdúró, láìtan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kó má sí kòtò tàbí igi nísàlẹ̀. Ẹ fi máṣíìnì sí fíríì, ibi tí kò ti sí nínú gíà kankan. Ẹ rí i dájú pé ọrùn rẹ̀ ò sí ní títì. Kí àbúrò yín dì í mú lẹ́yìn, kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó máa yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ yín á máa ra ilẹ̀. Tó bá yá, ẹ ó gbé e sókè díẹ̀, ẹ ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ́ lọ tó ogún mítà láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, tí ẹ sì fi bíréèkì ẹsẹ̀ dá a dúró síbi tí ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti kúrò ńbẹ̀.

Ojú ló ń gbéni ṣubú jù. Ẹni tó bá ń wo táyà iwájú, ó di dandan kó máa wọ́ sọ́tùn-ún sósì. Iwájú ọ̀hún ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá sì tẹjú mọ́ òkúta kan torí pé ẹ ò fẹ́ gùn ún, òkúta yẹn gan-an lẹ ó gùn.

Mẹkáníìkì_Ìsìnkàn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti kílọ́ọ̀ṣì, torí ẹ̀bi lè má jẹ́ ti Tíṣà rárá. Àlòkù ni máṣíìnì yẹn.

Ẹ fi ìka kan fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì (ti òsì) díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó rọ̀ díẹ̀ kí wáyà tó fà le. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ṣóńṣó orí ọwọ́ náà, ó yẹ kó wà láàárín 10 sí 20 mílímítà. Bí kò bá rọ̀ rárá, àwọn àwo inú kílọ́ọ̀ṣì ò ní dì mú tán: ẹ́ńjìnnì á máa ké, máṣíìnì ò ní lọ, àwọn àwo á sì máa jóná. Bó bá rọ̀ jù, ẹ lè fà á dé ìdí kí àwọn àwo náà má sì já ara wọn sílẹ̀ tán. Ẹ ó fi sí gíà kìíní, á fò tàbí kó kú, nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn jọ ohun tí ẹ sọ. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń tún un ṣe wà nídìí ọwọ́ náà, ìka lẹ lè fi yí i. Ọ̀kan tún wà nísàlẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, sípánà ni tìyẹn ń fẹ́. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú wáyà náà kó má máa há.

Tí ìyẹn bá ti dára, ó ku ọwọ́. Kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe súìṣì iná tí à ń tàn tí à ń pa. Ìgbà tí ẹ bá ń tú u, àwọn àwo yẹn á kọ́kọ́ máa ra ara wọn kí wọ́n tó dì pọ̀. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn, a máa ń ní "ó ti ń jẹ." Ibẹ̀ lọwọ́ yín gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí, ẹ fi sí gíà kìíní. Ẹ má fún un níná rárá, ìyẹn ni pé ẹ má yí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti ń sùn, títí ẹ ó fi gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, tí máṣíìnì fẹ́ máa fà. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kà á dé méjì, ẹ fà á padà. Ẹ ṣe é ní ogún ìgbà láìkúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ ní ìwọ̀n mítà méjì, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ bíréèkì. Ọgbọ̀n ìgbà nìyẹn. Ìgbà tó bá ti mọ́ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ wá fún un níná díẹ̀, kó kùn, kó má ké. Ẹ má tú èyí tó kù nínú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ àfi tí máṣíìnì bá ti rìn dáadáa.

Ó máa ń kú torí pé ẹ tú u ní ẹ̀ẹ̀kan, tàbí iná tí ẹ fún un kò tó, tàbí gíà kejì lẹ fi gbéra láìmọ̀. Ó máa ń fò torí pé ẹ ti fún un níná púpọ̀ kí ẹ tó já kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó léwu jù rèé. Bó bá fò, ara yín á dà sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún á bá ara lọ, á sì tún yí iná sí i. Bí àwọn kan ṣe ń fẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń sáré wọnú ògiri nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹ bá di ọwọ́ iná mú, kí ọrùn ọwọ́ yín rẹlẹ̀ ju eegun ìka lọ, kó má lè yí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí nǹkan bá sì dàrú, ẹ ò ní í ronú nípa bíréèkì tàbí kọ́kọ́rọ́: kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fà. Tí ẹ bá ti fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìdí, ẹ́ńjìnnì lè máa pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè gbé yín lọ mọ́.

Ti ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀: ẹ ní kí wọ́n yí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn sí ibi tó rọ̀ jù. Kò pọn dandan kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pọ̀. Tí ẹ bá dúró, ẹ sún ìdí sósì díẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì tẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kí ọ̀tún wà lórí bíréèkì.

Tíṣà_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ẹ ṣé gan-an. Wáyà yẹn ló rọ̀ jù lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka mẹ́ta. A ti fà á. Kò fò mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló kú lónìí. Gíà ló kù. Àbúrò mi ní ẹ̀ẹ̀kan ni kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n wá máa fi ẹsẹ̀ gbé e sókè. Ẹni tó tà á fún mi ní títẹ̀ nìkan ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ọmọ_FUTA

Àbúrò yín ló tọ̀nà. Kìíní wà nísàlẹ̀, fíríì wà láàárín kìíní àti èkejì, àwọn yòókù wà lókè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo máṣíìnì.

Mẹkáníìkì_Ìsìnkàn

Kì í ṣe gbogbo máṣíìnì o, àbúrò. Ó wà tí fíríì rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, tí gbogbo gíà sì wà ní apá kan. Àwọn kan tún ní ibi méjì tí à ń tẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọ̀kan fún gìgísẹ̀, tí èyí bá wálẹ̀, tọ̀hún á gòkè. Ẹni tó kọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá lọ gun ti ẹlòmíràn lè rò pé òun ń gbé gíà sókè, kó jẹ́ pé ńṣe ló ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀ nínú eré, kí táyà ẹ̀yìn gan lójijì.

Ẹ má gba èmi náà gbọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e lé sítáǹdì ńlá kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wá iná aláwọ̀ ewé tó ń sọ pé fíríì ni. Ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ gíà, kí ẹ máa kà: bó bá ti dún "kà," ibì kan nìyẹn. Ẹ tún gbé e padà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ ó ti mọ gbogbo ibi tó wà. Tí ẹ ò bá yí táyà yẹn, àwọn gíà míì lè kọ̀ láti wọlé, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Ìdí yẹn náà ló fi yẹ, tí ẹ bá fẹ́ dúró níwájú, kí ẹ ti rọ gíà wálẹ̀ dé kìíní kí táyà tó dúró pátápátá.

Ọlọ́kadà_Ọjà_Ọba

Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹnì kankan ò tíì dá ìyá lóhùn lórí bíréèkì. Ẹ gbàgbé ti iwájú. Bíréèkì ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ̀. Ti ọwọ́ á gbé yín sọ sókè bí àpò gààrí.

Olùkọ́ni_Alágbàká

Bọ̀ọ̀dá Ọlọ́kadà, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yìí ló ń pa èèyàn. Nígbà tí máṣíìnì bá ń dúró, ẹrù rẹ̀ á ya síwájú. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Táyà tó ti fúyẹ́ ò lè dá nǹkan kan dúró, tí ẹ bá tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ lágbára, ńṣe ló máa gan, á máa yọ̀, ìdí máṣíìnì á máa fì. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìdúró wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi bíréèkì iwájú. Ẹni tó ń lo ti ẹ̀yìn nìkan ń fún ara rẹ̀ ní ìlọ́po ọ̀nà tó yẹ kó fi dúró, inú ìlọ́po yẹn sì ni ọmọ tó sáré sójú títì lè wà.

Kí ló dé tó fi ń gbé àwọn èèyàn ṣubú? Torí pé wọ́n já a gbà lójijì, tàbí wọ́n fà á nígbà tí wọ́n ti yí ọwọ́ máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí orí yanrìn ni wọ́n wà. Ẹ fà á bí ẹni ń fún ọsàn: ẹ kọ́kọ́ rọra dì í, kí ẹrù yà síwájú, kí ẹ tó wá fún un gidi. Kì í ṣe bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Bí ẹ ó ṣe fi dánra wò: ẹ gbé òkúta méjì kalẹ̀ bí ilà. Ẹ máa bọ̀ ní 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní ilà, ẹ dá iná padà pátápátá, ẹ lo bíréèkì méjèèjì pọ̀, kí ọwọ́ máṣíìnì wà ní gbọọrọ. Kí ó tó dúró tán ni kí ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì kanlẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan. Ìyàtọ̀ ìṣísẹ̀ yẹn á yí yín lọ́kàn padà ju àríyànjiyàn wa yìí lọ.

Ọlọ́kadà_Ọjà_Ọba

Mo gbọ́, ọ̀gá. Lórí ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí, mo gbà fún yín. Àmọ́ ọ̀nà ilé ìwé ìyá kì í ṣe ọ̀dà títí dópin. Lórí yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa tó ti mu omi, ẹsẹ̀ ni kó ṣe èyí tó pọ̀, ọwọ́ á kàn máa rọra fà á díẹ̀ ni. Kí ẹ sì ti dín eré kù kí ẹ tó débẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bíréèkì lórí ẹrẹ̀.

Olùkọ́ni_Alágbàká

Lórí ìyẹn, ẹ jàre.

Àgbẹ̀_Ìdànrè

Ẹ fi ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló máa ń fi máṣíìnì sí fíríì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo. Epo wo? Ẹ jẹ́ kó wà ní gíà kejì tàbí ìkẹta, ẹ dá iná padà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Ẹni tó fi sí fíríì ti fi gbogbo ẹrù náà lé bíréèkì lórí. Tí bíréèkì bá gbóná jù, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní mú mọ́, ọ̀nà á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí ni. Tí ẹ bá di àpò kòkó tàbí àpò ìwé ọmọ iléèwé sẹ́yìn pátápátá, ó tún burú sí i: iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ máṣíìnì á máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹrù sún mọ́ yín, kó wà nísàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àró

Ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí Tíṣà, ẹ má gun máṣíìnì pẹ̀lú ìró. Etí ìró, gèlè tó gùn, okùn báàgì, gbogbo wọn ni sípóòkù àti ṣéènì lè fà wọlé. Ṣòkòtò tó nípọn ni, ẹ fi ìró sínú báàgì, ẹ ró o nígbà tí ẹ bá dé. Bàtà tó bo kókósẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Apá òsì ni kí ẹ máa gbà gun máṣíìnì, ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbà sọ̀. Sàléńsà wà lápá ọ̀tún, ó sì ti bó ojúgun púpọ̀ ládùúgbò yìí. Tó bá jó yín, omi tútù tó ń ṣàn, 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín. Kò sí epo pupa, kò sí ẹyin, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ má tú ohun tó bá lé. Tó bá ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ, ilé ìwòsàn.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì: ẹ dé e, ẹ di okùn abẹ́ àgbọ̀n kó ku àyè ìka méjì. Ẹ wá fi ọwọ́ tì í láti ẹ̀yìn orí wá síwájú. Tó bá yí kúrò lórí yín, kì í ṣe tiyín. Nígbà tí FRSC fi dandan lé e ní 2009, igbá ni àwọn ọlọ́kadà kan dé, a rẹ́rìn-ín. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò di okùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá lọ.

Ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ má gbàgbé ìwé. Class A ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti máṣíìnì. Ti mọ́tò ò bò ó.

Tíṣà_Ọ̀nà_Ọ̀dà

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ìgbà wo ni mo lè jáde sójú títì? Àbúrò mi ní ọ̀sẹ̀ méjì tó.

Olùkọ́ni_Alágbàká

Ẹ má ka ọjọ́, ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kà. Ogún ìgbéra léraléra láìkú. Ìdúró lójú ilà láti 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láìsí pé táyà gan. Kí ẹ yí máṣíìnì bíi nọ́ńbà 8 yí ike omi méjì ká, láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Kí ẹ lè wẹ̀yìn wò lórí èjìká òsì kí máṣíìnì má wọ́ lọ síbẹ̀. Kí ẹ sì lè gbéra lórí òkè: ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún di bíréèkì mú, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì dé ibi tó ti ń jẹ, ẹ fún un níná díẹ̀, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tó ń fà ni kí ẹ wá fi bíréèkì sílẹ̀. Tí ẹ ò bá tíì lè ṣe ìyẹn, máṣíìnì á máa padà sẹ́yìn sára ẹni tó wà lẹ́yìn yín, ẹ ó sì gbọ́ ìbínú rẹ̀ lára họ́ọ̀nù.

Ìṣẹ́jú 45 tó fún ìjókòó kan. Ọwọ́ òsì máa ń rẹ̀, tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ lánàá á dà bí èyí tí ẹ ò kọ́ rí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti wọlé, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ti tì. Lẹ́yìn náà ọ̀nà Ọ̀dà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ ti lọ. Ọba Adésìdà ló máa kẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá á dúró lójijì níwájú yín torí èrò kan ṣoṣo, ọkọ̀ míì á ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn fún oṣù bíi mẹ́ta, àbúrò yín pàápàá.

Ọlọ́kadà_Ọjà_Ọba

Òjò àkọ́rọ̀ nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ́ìlì àti eruku tó ti wà lójú títì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á léfòó, ọ̀nà á yọ̀ bí ilá. Ẹ dúró sábẹ́ ibì kan fún ìdajì wákàtí, òjò á fọ̀ ọ́. Ẹ má gùn lórí omi tí ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tó wà níwájú ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ náà! Tí ẹ bá gbàgbé láti ká a sókè, ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yà sósì ló máa gún ilẹ̀.

Mẹkáníìkì_Ìsìnkàn

Tíṣà, kí ẹ tó kúrò nílé lọ́la: ọ̀pọ̀ ìpè tí mo ń gbà pé "máṣíìnì kọ̀, kò tan," tápù epo ló wà ní títì, tàbí súìṣì pupa lápá ọ̀tún tí ọmọ ti fọwọ́ kàn. Ẹ wo méjèèjì ná.

Ẹ ya lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kí táyà tó gbóná. Afẹ́fẹ́ iwájú, 25 PSI lórí géèjì, ẹ̀yìn 28. Ọjọ́ tí ẹ bá tó gbé èèyàn, ẹ̀yìn 32. Tó bá ní òun fẹ́ fún un di 40 torí pé ọ̀nà yín ò dáa, ẹ ní kó jọ̀wọ́, kó fi géèjì wọ̀n ọ́n lójú yín. Táyà tó bá le jù á máa ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò sì fẹ́ ìyẹn.